Gbólóhùn Tí Mo Kọ́ Akíntọ́mídé Nípa Àjíǹde

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ ti bi mí léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ṣé kí ẹ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tàbí kí ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe. Mo máa ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí n ronú sí i. Mo ti ronú sí i báyìí, mo sì rí i pé ìdáhùn mi kò ṣe é sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti fagi lé ọ̀rọ̀ kan tí mo tún un kọ, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ti mọ́ mi lára.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: àlùfáà wa kọ lẹ́tà, mo mú un lọ, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, kò sì yẹ kí n dá yín jókòó nítorí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni irú ẹni tí Ọ̀gá jẹ́.

Ọ̀gá ni olórí ilé ìwé kékeré tí wọ́n rán mi lọ ní Ìjù-Odò. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣòkòtò péńpé funfun rẹ̀ kì í rún rárá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n kun pátákó ìkọ̀wé. Kò sí ọ̀dà pátákó nígbà náà. Bátìrì rédíò tó ti kú ni a máa ń fọ́, a ó yọ èédú inú rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sì pò ó mọ́ omi ewé ẹ̀gẹ́ tí a ti gún. Mo kùn ún, Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó fi ọwọ́ dúdú náà hàn mí.

"Mìsísì, ṣé pátákó lẹ kùn ni, àbí ọwọ́ mi?"

Mo tún un kùn. Ìgbà kẹta ni ọwọ́ rẹ̀ tó wá mọ́, kò sì sọ pé ó dára. Ó kàn yíjú sí ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀. Yíǹkì pupa ló fi ń kọ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dá tèmi padà lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Nígbà kẹrin, ó ní kí n jókòó.

"Kí lẹ máa ṣe bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀?"

"Màá ní kó jẹ́ kí n lọ wò ó nínú ìwé, sà."

"Rárá o! Ọjọ́ tí tíṣà bá ti sọ pé òun kò mọ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n máa gun orí tábìlì. Ẹ dáhùn. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Kí wọ́n ká ọwọ́ gbera, kí wọ́n sọ ọ́ tẹ̀lé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ọmọ bá sọ lẹ́ẹ̀mẹta kò ní kúrò nínú rẹ̀ mọ́."

Apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mo ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní Ìmọ̀ Bíbélì, pé òkú yóò jíǹde. Ọ̀gá dúró níta lẹ́bàá fèrèsé, mo ń rí fìlà rẹ̀. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Akíntọ́mídé dìde. Ọmọ tó máa ń béèrè nǹkan ni, kò sì fi ṣe ìyọnu.

"Mìsísì, pàkúté gé ìka méjì lọ́wọ́ bàbá mi àgbà. Lọ́jọ́ àjíǹde, ṣé ìka náà á ti padà síbẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì wò mí. Fìlà náà kò kúrò ní fèrèsé. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Bí a bá ṣe sin ara, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jíǹde.

Wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Fìlà náà mi síwá mi sẹ́yìn, ó lọ. N kò kà á níbì kankan, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà kankan. Ìbẹ̀rù Ọ̀gá ló kọ gbólóhùn yẹn, ọwọ́ mi ló lò.

Mo kúrò ní Ìjù-Odò, mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo padà wá. Mo ṣe ọdún mọ́kànlá ní Ìyànsán. Nǹkan ń yí padà lójú mi. Síléètì lọ, ìwé olójú ewé ọgọ́ta dé. Kálámù tí a ń tẹ̀ bọ yíǹkì lọ, báírò dé. Wọ́n fún wa ní àwòrán orí aṣọ tí a ń gbé kọ́ ara ògiri bíi kàlẹ́ńdà, Mósè, Dáfídì, ibojì tó ṣófo. Eku jẹ ojú Dáfídì, mo fi abẹ́rẹ́ rán an. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí dé, tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde, tí yíǹkì rẹ̀ kì í kúrò ní èékánná títí di ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀dà pátákó di ohun tí à ń rà nínú agolo.

Èmi náà ń kàwé sí i. Mo rí i pé àwọn àgbà inú ìgbàgbọ́ ti ń jiyàn lórí irú ara tí a ó gbé wọ̀ láti ayébáyé, mo sì rọra yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú ẹ̀kọ́ mi. Àwọn kíláàsì tó tẹ̀lé e kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n n kò padà lọ bá àwọn tó ti gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ. Àṣìṣe tí olùkọ́ bá ṣe nínú ìwé, ó lè fagi lé e. Àwọn ọmọ tó ti jáde ńkọ́?

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n gbé mi wá sí Òkìtìpupa. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó wá láti apá Ìbàdàn, Adélékè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti di àtúnbí tó sì ń darí ìpàdé àdúrà lọ́sàn-án. Èmi àti ẹ̀ máa ń jiyàn àjíǹde nígbà ìsinmi, bí a ṣe ń jẹ púpurú.

"Mà, ẹran ara yìí kọ́. Ara ti ẹ̀mí ni. Eléyìí tí à ń fi ọṣẹ fọ̀ yìí, ilẹ̀ ló ni ín."

"Jésù jẹ ẹja lẹ́yìn tó jíǹde, Adélékè. Ẹ̀mí kì í jẹ ẹja."

"Ẹja tiyín náà nìyẹn o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tutù."

A ó rẹ́rìn-ín, aago á lù, a ó padà sí kíláàsì. Ìgbádùn ni iyàn náà jẹ́ fún mi. Kò tíì sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ohun tí a bá fẹnu kò sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní Bọ́sẹ̀dé lorúkọ òun, ìyàwó Akíntọ́mídé. Mo ní Akíntọ́mídé wo?

"Ọmọ kíláàsì yín ní Ìjù-Odò, Mìsísì. Gẹdú yí lù ú lẹ́sẹ̀ ní sọ́mìlì tó ti ń la pákó, ọjọ́ kẹjọ rèé. Ẹsẹ̀ náà ti ń jẹrà. Dókítà ní àwọn máa gé e lókè orúnkún, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e."

"Kí ló dé?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó ní òun kò ní jíǹde ní arọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Adélékè gbọ́ láti kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wa, ó ní òun máa sìn mí lọ sí ọsibítù. Òórùn ẹsẹ̀ náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Akíntọ́mídé ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n, ojú rẹ̀ sì pọ́n fún ibà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ dìde jókòó nítorí pé tíṣà rẹ̀ wọlé. Bàbá àgbà kan tó wọ sùtánà funfun dúró lórí ìdúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì náà láìwọ bàtà. Òun ni olórí ìjọ Aládùrá tí Akíntọ́mídé ń lọ.

Adélékè kò dúró kí ẹnikẹ́ni kí i tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e! Ara yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ara tuntun lẹ máa gbé wọ̀!"

Bàbá Aládùrá yíjú sí i. "Bí ara kò bá já mọ́ nǹkan kan, ọmọ mi, kí ló gbé Olúwa wá sínú rẹ̀? Àpá ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jíǹde. Ara tó bá wọ ilẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀."

"Bàbá, ẹni tí iná jó ńkọ́? Ẹni tí odò gbé lọ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló mú ìyẹn lọ. Èyí, òun fúnra rẹ̀ ló máa yọ̀ǹda rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí i pé bí a bá ṣe sin ara ló ṣe máa jí?"

Bàbá wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Kò sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀. "Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ọ ni? Akíntọ́mídé ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọdé wa ń sọ ọ́."

Akíntọ́mídé ká ọwọ́ gbera lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ ọ́ tán, láìtàsé ọ̀rọ̀ kan, bí ó ṣe sọ ọ́ ní kíláàsì karùn-ún. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo jáde. Ẹ má rò pé mo kúkú ní ọgbọ́n kan tí mo ń pa mọ́. Ojú ló tì mí.

Dókítà bá mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ìyá, ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ yẹn ń gòkè. Bí ó bá kọjá itan, kò sí ibi tí mo máa gé mọ́. Ọmọ mẹ́rin ni ọkùnrin yìí ní."

Lọ́jọ́rú, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo tú gbogbo ìwé mi sílẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá ṣí ni mo ti ń rí ẹni méjì tó jẹ́ olódodo tí wọn kò fẹnu kò. Mo lọ bá àlùfáà wa. Ó ní ohun ìjìnlẹ̀ ni, kí n ṣọ́ra kí n má da ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn rú. Mo sè púpurú, n kò lè jẹ ẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ ìró alùpùpù níta, mo máa ń rò pé Bọ́sẹ̀dé ló rán ẹnì kan wá pé ó ti tán.

Ọjọ́bọ̀, mo dá lọ. Mo ní kí Bàbá Aládùrá fún wa láyè díẹ̀, ó sì jáde. Bọ́sẹ̀dé jókòó lórí ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Akíntọ́mídé, gbólóhùn yẹn, n kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ti gbàgbé rẹ̀, Mìsísì?"

"N kò gbàgbé rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ ọ́. O béèrè ìbéèrè, Ọ̀gá wà ní fèrèsé, ẹ̀rù bà mí láti sọ pé n kò mọ̀. Mo dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni."

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo ti rí ọmọ tó bú sẹ́kún nítorí pé mo fi pupa kọ nǹkan sí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí irú ojú yẹn rí.

"Gbogbo àwọn ọmọ tí mo fi kọ́ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣe é, ìwọ kọ́."

"Ó dáa. Kí wá ni òótọ́ rẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ náà á padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbí kò ní padà?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ tún ní ẹ kò mọ̀!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi yọjú. "Bàbá mọ̀. Tíṣà tó tẹ̀lé yín wá lọ́jọ́sí mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò mọ̀, ẹ sì ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé mi. Ta ni kí n wá dì mú?"

N kò múra ìdáhùn sílẹ̀. Mo ní, "Èmi ni kí o dì mú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ẹni tó dá ẹsẹ̀ yẹn kò kọ́ iṣẹ́ Rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí ó bá sì di ọjọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ kò rí bí a ṣe rò, màá dúró níwájú Rẹ̀, màá sọ pé èmi ni mo ní kí o gé e. Ẹ̀bi mi ni. Kó má bi ọ́."

Bọ́sẹ̀dé ń sunkún láìpariwo. Akíntọ́mídé yíjú sí ògiri. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti gbé báàgì mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mìsísì, kí wọ́n má sọ ọ́ sí ààtàn o. Kí wọ́n sin ín sí ilẹ̀ bàbá mi. Kí ẹ̀yin gbé e lọ fúnra yín."

Mo ní mo gbọ́. Ó na ọwọ́ gba báírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n gé e láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Aládùrá. Bọ́sẹ̀dé ti sọ fún un, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyá Tíṣà, ẹrù ńlá lẹ gbà yẹn o," ó sì padà sí orin tó ń kọ lábẹ́ ẹnu. Mo mọ̀ pé kò fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, kò fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì náà.

Dókítà jáde, ó ní ó wà láàyè. Wọ́n wé ẹsẹ̀ náà sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e sínú páálí mílíìkì fún mi. Epo ọkọ̀ wọ́n lákòókò náà, takisí kan ṣoṣo ni mo rí lọ sí Ìjù-Odò, Bàbá Aládùrá wọ ẹ̀yìn, mo jókòó síwájú, mo gbé páálí náà lé itan.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn fún yín."

"Fi í síbí."

"Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ ń dì mú bí ọmọ tuntun?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ màlúù! Àṣé ọbẹ̀ ńlá wà nílé yín lónìí. Ẹ rántí mi o."

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sáré yí wá ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì ṣí fìlà.

Àlùfáà wa ti sọ pé kò sí ètò ìsìnkú fún ẹni tó ṣì wà láàyè, torí náà kò wá. Àwọn ẹbí ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá Akíntọ́mídé. Mo rò pé kòtò kékeré ni màá bá. Gígùn ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ìbú rẹ̀ pé, jíjìn rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ náà sí apá òsì nísàlẹ̀, ní ibi tí ẹsẹ̀ òsì máa ń wà. Ó ní àyè tó kù, kí ó dúró de ẹni tó ni ín.

Bàbá Aládùrá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ohun tí a fi pamọ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn ṣe àmín. Adélékè, tó ti gun kẹ̀kẹ́ wá láti Òkìtìpupa, pa ẹnu mọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di kíkún ilẹ̀, òun ló gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á títí erùpẹ̀ fi kún.

Ní àwọn ọdún tó kù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ń wá àwọn ọmọ kíláàsì yẹn kiri lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo rí mẹ́tàlá. Mo sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ fagi lé. Àwọn mìíràn ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, wọ́n fún mi ní ọsàn, wọ́n sìn mí sọ́nà. Obìnrin kan bínú, ó ní gbólóhùn yẹn ló tu òun nínú nígbà tí ìyá òun kú, kí ni mo fẹ́ kí òun fi rọ́pò rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fẹ́ ṣú.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí kò ní bá yín délé, ẹ má wá síbí. Bí ẹ bá sì fẹ́ wá, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "n kò mọ̀" kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó máa ń ṣòro lẹ́nu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àyà mi kò tíì balẹ̀ tán lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní parọ́ fún yín pé ó ti balẹ̀. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń ka ìgbàgbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá dé ibi àjíǹde òkú, ohùn mi máa ń rẹlẹ̀.

Akíntọ́mídé ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe báyìí lẹ́bàá ọ̀nà Ìlú-Títun, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn, ọmọ rẹ̀ sì ti di mẹ́fà. Ó ṣì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó wá kí mi lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, ó jókòó sórí àga, ó kó ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Mìsísì, mo ti ro ọ̀rọ̀ wa tán. Bí mo bá jí lọ́jọ́ náà tí ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí dé ibi tí à ń lọ."

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi ń dùn mí."

"Kò séwu. Ara tuntun lẹ̀yin máa ní."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá eré ló ń ṣe. N kò mọ̀.